Ọ̀sẹ̀ Kan Nínú Ayé Ọmọ Mọ́mọ́nì: Kí Ni Tiwa Níbẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Òwe yìí ni a gùn lé lónìí tí a fi fẹ́ gbé ojú wa kúrò nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa fún ìgbà díẹ̀, kí á wo bí àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọn kì í ṣe ẹ̀yà wa, tí ìgbàgbọ́ wọn kì í sì í ṣe ti ọ̀pọ̀ nínú wa, ṣe ń lo ọjọ́ méje tí Ọlọ́run pín fún gbogbo wa lọ́gbọọgba.

Àwọn ọ̀dọ́ tí à ń wí ni àwọn ajíyìnrere ìjọ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mọ́mọ́nì. Orúkọ tí ìjọ náà fẹ́ kí á máa pe òun ni Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹhìn, àti pé láti ọdún 2018 ni Russell Nelson, tí ó jẹ́ ààrẹ wọn nígbà náà, ti rọ gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n fi orúkọ ìnagijẹ yẹn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ẹnu bá ti mọ́ kì í tètè kúrò lẹ́nu. Ẹ ó ti rí wọn rí ní ìlú ńlá-ńlá. Méjì-méjì ni wọ́n ń rìn. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni àwọn ọkùnrin wọn ń wọ̀, wọn a so táì mọ́ ọrùn, wọn a fi báàjì dúdú sí àyà. Ní òpin ọdún 2024, wọ́n ju 70,000 lọ káàkiri ayé.

Kí á tètè sọ ọ́ kí ó yé ara wa: a kò wá wàásù fún ẹnikẹ́ni. Nínú ẹgbẹ́ wa yìí ni Mùsùlùmí wà, Kìrìsìtẹ́nì wà, oníṣẹ̀ṣe náà sì wà, èdè kan náà ni ó pa gbogbo wa pọ̀. Ọ̀sẹ̀ ọmọ Mọ́mọ́nì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, a kò dá a lé ẹ̀sìn rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe rí nìyí. Ọmọkùnrin lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà láti ìgbà tí ó bá ti pé ọdún 18. Kí ó tó di ọdún 2012, ọdún 19 ni. Ọdún méjì gbáko ni ọkùnrin fi ń ṣe é, obìnrin a sì fi oṣù 18 ṣe é. Kì í ṣe òun ni ó ń yan ibi tí yóò lọ. Láti olú-ilé ìjọ ní Salt Lake City ni wọ́n ti ń fi ibi tí wọ́n bá rán an ránṣẹ́ sí i, ó sì lè bá orúkọ ìlú tí kò gbọ́ rí nínú ìwé náà. Ẹnikẹ́ni kì í san owó oṣù fún un. Ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ẹbí rẹ̀ ni ó ń dá owó náà lóṣooṣù: 400 dọ́là ni tẹ́lẹ̀, láti Oṣù Keje ọdún 2020 ó ti di 500. Bí ó bá jẹ́ èdè àjèjì ni yóò fi ṣiṣẹ́, wọn a kọ́kọ́ kọ́ ọ ní èdè náà fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́sàn-án. Ní ilé ìkọ́ṣẹ́ wọn tí ó wà ní Provo ní ìpínlẹ̀ Utah, èdè tí wọ́n ń kọ́ni lé ní 50. Lẹ́yìn èyí, ó di inú ọkọ̀ òfuurufú.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀kan tí wọ́n rán láti Utah lọ sí Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Bùràsíìlì, kí á sì bá a ka ọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ ìmúrasílẹ̀ fún púpọ̀ nínú wọn. Ọjọ́ yìí ni yóò fọ aṣọ, tí yóò gé irun, tí yóò lọ ra oúnjẹ ọ̀sẹ̀ lọ́jà, tí yóò sì gbá ilé. Ọjọ́ yìí náà ni yóò bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Títí di Oṣù Kejì ọdún 2019, ìgbà méjì péré lọ́dún ni wọ́n ń jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lórí fóònù: ọjọ́ Kérésìmesì àti Ọjọ́ Àwọn Ìyá. Lẹ́tà ni ó ń gbé ìyókù. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti yọ̀ǹda kí ó máa pè sílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí alẹ́ ọjọ́ Ajé tó lẹ́, ìsinmi ti parí, yóò ti tún wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni ó ń jí. Yóò na ara fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, yóò wẹ̀, yóò jẹun. Lẹ́yìn èyí, yóò dá ka ìwé mímọ́, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ yóò sì tún jọ ka òmíràn, kí wọ́n jọ gbèrò ilé tí wọ́n fẹ́ lọ àti ohun tí wọn yóò sọ níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ èdè ni ó kàn. Bí ó ti wù kí iṣẹ́ ọjọ́ náà pọ̀ tó, àkókò kan wà tí ó jẹ́ ti èdè Pọtogí nìkan: ọ̀rọ̀ tuntun, gbólóhùn tuntun, àṣìṣe àná tí wọ́n ń tún ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ó jáde, ó di alẹ́ kí wọ́n tó padà. Agogo mẹ́wàá ààbọ̀, iná ti kú.

Kí ni wọ́n ń bá kiri láti òwúrọ̀ títí di alẹ́? Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn jù, bọ́ọ̀sì sì wà. Ní Bùràsíìlì, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ní géètì tí ó jìnnà sí ilẹ̀kùn, nítorí náà àlejò kì í kan ilẹ̀kùn, ń ṣe ni ó ń dúró lẹ́bàá géètì tí yóò pàtẹ́wọ́. Ọmọ Utah tí kò rí irú rẹ̀ rí nílé yóò kọ́ ọ. Yóò pàtẹ́wọ́ ní ilé kan, wọn yóò ní àwọn kò ráàyè. Yóò pàtẹ́wọ́ ní ilé kejì, ajá ni yóò dá a lóhùn. Ní ilé karùn-ún, ìyá àgbà kan lè ní kí wọ́n wọlé wá mu omi, kì í sì í ṣe pé ó fẹ́ gbọ́ ìwàásù, oòrùn tí ó ń pa wọ́n ni ó ṣe é láàánú. Ní ọ̀sán, ìdílé kan nínú ìjọ yóò gbà wọ́n lálejò: ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹran. Kọfí wà lórí tábìlì gbogbo ilé ní Bùràsíìlì, ṣùgbọ́n wọn kì í mu ún. Láti ọdún 1833 ni ìjọ wọn ti ní òfin tí ó wá lé kọfí, tíì, ọtí àti tábà jìnnà sí wọn.

Ní ọjọ́ kan láàrin ọ̀sẹ̀, àwọn ajíyìnrere àdúgbò kan yóò pàdé, oníkálùkù yóò sọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ. Ní ọjọ́ mìíràn, wọ́n lè kọ́ àwọn ènìyàn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí kí wọ́n bá arúgbó kan kun ilé rẹ̀ ní ọ̀dà. Wọn yóò jókòó wéwèé ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, wọn yóò sì ka iye ènìyàn tí wọ́n kọ́, iye tí ó ṣèlérí láti wá sí ìjọ, iye tí ó wá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta lè jẹ́ ọjọ́ ìtẹ̀bọmi bí ẹnìkan bá ti gbà. Ọjọ́ Àìkú, ìjọ ni. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá tún mọ́, ó di aṣọ fífọ̀.

Nínú gbogbo èyí, kò sí ìgbà tí ó dá wà, àfi bí ó bá wọ ilé ìwẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tọ̀sán-tòru, òun kọ́ ni ó sì yàn án. Wọ́n lè pín wọn níyà lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n tún so ó pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn. Kò gbọdọ̀ ní àfẹ́sọ́nà níbẹ̀. Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí ẹ bá rí wọn lójú pópó tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹ má rò pé kò sí èyí tí àárò ilé ń sọ nínú wọn. Àwọn kan a máa padà sílé kí ọjọ́ wọn tó pé, ojú a sì máa tì wọ́n láàrin àwọn ará ìjọ wọn.

Ó yẹ kí á sọ apá tí ó korò nínú ìtàn yìí, nítorí ó kan àwa adúláwọ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 1928 ni ìjọ yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Joinville ní gúúsù Bùràsíìlì, láàrin àwọn ará Jámánì tí wọ́n ṣí wá síbẹ̀, èdè Jámánì ni wọ́n sì fi ń wàásù. Nígbà tí ìjọba Getúlio Vargas gbógun ti lílo èdè àjèjì ní ọdún 1938 ni ó di dandan kí wọ́n kọjú sí èdè Pọtogí. Lákòókò yẹn, ìjọ náà kì í fún ọkùnrin tí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ adúláwọ̀ lára ní oyè àlùfáà wọn, bẹ́ẹ̀ gbogbo ọkùnrin yòókù nínú ìjọ ni ó ń gbà á. Wọ́n ń kọ́ àwọn ajíyìnrere láti yẹra fún ilé tí wọ́n bá ti fura pé ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà níbẹ̀. Ẹ rò ó wò! Ní Bahia, níbi tí a ti kó àwọn ènìyàn wa lọ ní ẹrú, tí wọ́n ń dín àkàrà nínú epo pupa títí di òní tí wọ́n sì ń pè é ní acarajé, ilé mélòó ni ì bá ṣẹ́kù tí wọn ì bá pàtẹ́wọ́ sí?

Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni ó tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1963, nígbà tí ìjọ náà ń múra láti rán ènìyàn wá sí ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè wa, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà kan tí ó wà ní Califonia lọ wo ìpàdé wọn, ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ni nípa adúláwọ̀, ó sì kọ̀wé sí ìwé ìròyìn Nigerian Outlook tí wọ́n ń tẹ̀ ní Enugu. Ariwo ta, ìjọba kò sì fún wọn ní físà. Ó di Oṣù Kẹfà ọdún 1978, nígbà ayé ààrẹ Spencer Kimball, kí wọ́n tó kéde pé ìdíwọ́ náà ti kúrò. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún yẹn ni wọ́n ṣe ìtẹ̀bọmi àkọ́kọ́ wọn ní Nàìjíríà, ní ilẹ̀ Mbaise. Ní ọdún 2013, ìjọ náà fúnra rẹ̀ tẹ ìwé jáde tí ó fi kọ àwọn àlàyé àtijọ́ tí wọ́n fi ń gbe òfin náà lẹ́yìn. Ìwé Mọ́mọ́nì ti wà ní èdè Yorùbá láti ọdún 2007.

Nítorí náà, bí a bá ní kí á wo ọmọ Mọ́mọ́nì, kì í ṣe pé kí á di ojú wa. Ohun tí a kò fẹ́ wà lára iṣẹ́ rẹ̀. A kò fẹ́ kí ọmọ ọdún 18 wọ ilé arúgbó, kí ó sì rò pé òun nìkan ni ó ní ohun tí òun fẹ́ fún un, kò sí ohun tí òun fẹ́ gbà. A kò fẹ́ kí á máa ka ọkàn ènìyàn bí ẹni ń ka iṣu. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ wa: ó fún ohun tí ó ní òun fẹ́ ní ipò nínú ọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Àwa ọmọ Yorùbá tí a wà ní ẹ̀yìn odi, ariwo ìfẹ́ èdè wa kò kéré. Bí Ọjọ́ Àṣà bá dé, ẹ wá wo aṣọ-òkè, ẹ wá wo gèlè, ẹ wá gbọ́ ìlù dùndún! A ó jẹ iyán, a ó pa òwe, a ó ya fọ́tò. Ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn nínú ọjọ́ 365. Ní ọjọ́ kejì, Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ wa, Gẹ̀ẹ́sì ni akọ̀wé yóò fi kọ ohun tí a sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ Ọ̀yọ́ àti ọmọ Ìjẹ̀bú yóò fi kí ara wọn lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Púpọ̀ nínú wa tí a bí sí Òkè Ọya tàbí sí ìhà ìlà-oòrùn ni ó gbọ́ Yorùbá tí kò lè sọ ọ́ dé orí. Bí ìyá àgbà bá pè láti ilé, bàbá ni yóò máa túmọ̀ láàrin òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bí bàbá náà bá kú ńkọ́? Ta ni yóò túmọ̀?

Ẹnìkan yóò ní, “Ẹ̀sìn ni ó ń ti ọmọ Mọ́mọ́nì yẹn. Kí ni yóò ti àwa?” Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n ìtara ẹ̀sìn nìkan kì í jí ènìyàn ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún méjì. Ìtara a máa tutù. Oòrùn Bahia, ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí, àárò ilé, gbogbo rẹ̀ ni ó ń bu omi sí i. Nígbà tí ìtara bá tutù, ètò ni ó ń gbé e jáde: agogo yìí fún èyí, agogo yẹn fún ìyẹn, ẹnìkejì rẹ̀ sì dúró tì í. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọmọ tí kò mọ bí a ṣe ń béèrè omi ní èdè Pọtogí yóò máa bá àwọn ọmọdé Salvador ṣe àwàdà. Kì í ṣe pé ó gbọ́n jù wá lọ.

Bí ẹ kò bá sì fẹ́ gba ti ọmọ Mọ́mọ́nì, ẹ jẹ́ kí á dúró sí Salvador yẹn náà kí á wo àwọn ènìyàn tiwa. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ àwọn ọmọ ẹrú ní Yorùbá. Síbẹ̀, orin àti ìwúre èdè wa kò tíì parẹ́ nínú àwọn ilé òrìṣà wọn, bí Ilé Àṣẹ Ọ̀pó Àfọ̀njá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1910. Báwo ni ó ṣe ṣe é ṣe? Wọ́n fún òrìṣà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀. Ọjọ́rú jẹ́ ti Ṣàngó, ọjọ́ náà ni wọ́n ń se àmàlà rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ti Òrìṣàálá, ọ̀pọ̀ ará Bahia ni ó sì ń wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ náà, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ Utah àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ láàrin wọn. Àwọn méjèèjì kò gba ohun kan náà gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n jọ mọ ohun kan: ohun tí ó bá ní ọjọ́ tirẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ kì í tètè kú. Èyí tí a kò fún ní ọjọ́ kan, bí ó ti wù kí á fẹ́ràn rẹ̀ tó, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Kí ni kí á ṣe? A kò ní kí ẹnikẹ́ni so táì mọ́ ọrùn. Ohun mẹ́ta péré ni à ń fẹ́, láti sáà yìí lọ.

Èkíní, kí á so ara wa pọ̀ ní méjì-méjì. Kí ẹni tí ó dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ mú ẹnìkan tí ó dàgbà sí Kánò, Jọ́ọ̀sì tàbí Kàlàbá, kí wọ́n jọ máa sọ Yorùbá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, ìbáà jẹ́ lójú ọ̀nà kíláàsì tàbí nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 15 jẹ́ wákàtí 52 àti ààbọ̀. Ẹ sọ fún wa, iṣẹ́ ẹ̀kọ́ wo ni olùkọ́ ń fi irú wákàtí bẹ́ẹ̀ kọ́ni ní sáà kan? Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ẹni tí ahọ́n rẹ̀ kò tíì yí ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ẹ̀rín àrínfín ti pa èdè mọ́ lẹ́nu.

Èkejì, kí á máa fi Yorùbá pe ilé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí ọmọ Utah bá ń ka ọjọ́ títí yóò fi gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, kí ni ó ń ṣe wá tí fóònù wà lápò wa lójoojúmọ́ tí a fi ń kí màmá ní “Hi Mum”? Ẹ kí wọn dáadáa: ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù, wọn yóò mọ̀ ọ́n lóhùn yín. Ẹ ní kí wọ́n ki oríkì yín fún yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí á máa fi Yorùbá ṣe ìpàdé ẹgbẹ́, kí akọ̀wé sì máa fi Yorùbá kọ ọ́. Ní òpin sáà, kí àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ka iye àwọn tí ó lè dìde sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìfi Gẹ̀ẹ́sì là á, kí wọ́n sì tẹ iye náà sínú ìwé wa yìí. Èdè ni kí á kà, kí á má ka owó ìgbà nìkan.

Nígbà tí a bá sì ń ṣe èyí, kí á rántí pé ilé onílé ni a wà. Ọmọ Mọ́mọ́nì kò retí kí ará Bahia kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí òun tó bá a sọ̀rọ̀. Kò yẹ kí ọmọ Yorùbá lo ọdún mẹ́rin ní ìlú ènìyàn láìmọ bí a ṣe ń kí wọn ní èdè wọn. Ẹni tí ó bá mọ iyì èdè tirẹ̀ yóò mọ iyì ti ẹlòmíràn.

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Ọjọ́ Àṣà tí ń bọ̀ yóò dé, a ó tún wọ aṣọ-òkè wa. Àdúrà wa ni pé kí ó bá wa ní ọjọ́ tí a lè bọ́ síwájú kí á sọ ohun tí aṣọ náà túmọ̀ sí, ní èdè tí wọ́n fi hun ún. Ọ̀sẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ta ni ẹnìkejì rẹ?

Ire o.